Jẹnẹrétọ̀ tí kò mu epo: kí ló ń yí i?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe rìwáyà ládùúgbò wa pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti de mótò fáànù rédíétọ̀ àti alternator ọkọ̀ (ẹ̀rọ tó ń dá iná nínú ọkọ̀) mọ́ pátákó, bẹ́líìtì so àwọn méjèèjì pọ̀, bátìrì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Àbúrò, wò ó dáadáa," ó ní. "Bátìrì á yí mótò, mótò á yí alternator, alternator á dá iná padà sínú bátìrì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù la ó fi tan ilé. Kò sí epo, kò sí èéfín." Ó so wáyà, gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Inú ẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn fún un. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ìró mótò ti ń lọ sílẹ̀, gílóòbù tó so mọ́ ọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n ní bátìrì ni kò dáa. Ó ra òmíràn. Ìyẹn pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà kú.

Ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Etí lásán ló fi ń mọ̀ pé alternator kan ti fẹ́ bàjẹ́. Òun nìkan kọ́ ló sì gbà gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí owó bẹ́ńtírò fò sókè, fídíò irú ẹ̀rọ yìí kò tán lórí fóònù mi. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ń wá ọ̀nà tí fíríìjì wọn á fi tutù, tí ọmọ wọn á fi rí ìwé kà lálẹ́. Owó gidi ni wọ́n sì ń ná sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á ní, "Ṣebí alternator ló ń fún bátìrì ọkọ̀ níná? Ǹjẹ́ o máa ń gbé bátìrì ọkọ̀ lọ gba iná lójoojúmọ́?" Òótọ́ ni, alternator ló ń fún un níná. Àmọ́ kí ló ń yí alternator? Ẹ́ńjìnnì ni. Kí ló ń yí ẹ́ńjìnnì? Epo tó wà nínú táǹkì ni. Pa ẹ́ńjìnnì, kí o wá fi iná iwájú sílẹ̀ ní títàn di àárọ̀, o ó rí i bóyá bátìrì lè bọ́ ara rẹ̀. Epo tí a kò rí lójú ló mú kó dà bíi pé iná náà wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yíyí tí ẹ̀rọ ń yí ló ń mú iná wá, pé nǹkan kan ṣáà ti ń yí, iná dé. Yíyí nìkan kọ́. Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tó ní dáínámò lára táyà. Bí o bá ń wà á lọ́sàn-án, tí o kò tan iná, kẹ̀kẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́. Tẹ dáínámò mọ́ táyà lálẹ́, iná tàn, ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: pẹ́dà ti wúwo. Kí ló mú un wúwo? Iná tó ń lọ sínú gílóòbù ni. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: iye iná tí a bá fà lára rẹ̀, ìyẹn náà ló fi ń kọ̀ fún ẹni tó ń yí i. Heinrich Lenz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, kọ òfin yìí sílẹ̀ ní 1834, ṣùgbọ́n àwa náà ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lẹ́yìnkùlé wa. Tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, má so nǹkan kan mọ́ ọn, wàá gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe fúyẹ́. Ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ó kérora, ohùn rẹ̀ rì wọlẹ̀, ó tún gbé e sókè, ó sì ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà o. Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú yàrá ló ń tì í láti òkèèrè, wáyà nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní bátìrì gbé 1,000 wáàtì fún mótò. Mótò tó dára lè sọ 800 di agbára ìyípo, ìyókù á di ooru. Fọwọ́ kàn án, á jó ọ lọ́wọ́. Nínú 800 yẹn, alternator ọkọ̀ gbìyànjú bó bá mú 480 jáde. A kò tíì ka ohun tí bẹ́líìtì jẹ àti èyí tó ṣòfò nínú bátìrì fúnra rẹ̀. Ó gbé 1,000 lọ, ó gba iye tí kò tó 500 padà. Wọ́n á ní kí a ra mótò tó dára jù. Ó dáa, ká ní Ọlọ́run fún wa ní mótò àti alternator tí kì í ṣòfò rárá. 1,000 lọ, 1,000 padà. Èló ló wá ṣẹ́ kù fún ilé? Òfo! Kódà ẹ̀rọ tí kò lábùkù kankan kò lè tan gílóòbù kan ṣoṣo láìjẹ́ pé bátìrì ń dín kù.

Àwọn mìíràn á ní kí a fi àgbá irin wíwúwo tó ń yí (flywheel) sí i, pé òun ló ń sọ agbára di púpọ̀. Mo fara balẹ̀ ṣírò èyí. Àgbá irin tó wọn kílò 20, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, tó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tó ń dẹ́rù ba èèyàn láti sún mọ́: agbára tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bíi 11,000 joule (wáàtì kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan ni joule kan). Bí a bá ní kó gbé 1,000 wáàtì, ìṣẹ́jú àáyá 11 ni yóò fi gbé e, yóò sì dúró. Bí àpò ìpamọ́ ni. Ẹni tó yí i ló fi agbára náà sínú rẹ̀. Púlì ńlá àti kékeré ńkọ́? Wọ́n lè fi eré san ipá tàbí kí wọ́n fi ipá san eré, agbára tó ń jáde kò lè ju èyí tó wọlé lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì náà, bó ṣe ń fa irin nígbà tó ń sún mọ́ ọn ló ṣe máa fà á padà nígbà tó bá ń kúrò.

"Ṣùgbọ́n mo fojú mi rí i, iná tàn!" Mo gbà. Ohun tí a kò rí ni ká béèrè. Bátìrì 12 fóòtì, 100 Ah, gba agbára bíi 1,200 Wh sínú, ìyẹn 1,200 wáàtì fún wákàtí kan. Gílóòbù LED wáàtì 5, ogún rẹ̀ kò ju 100 wáàtì lọ. Bátìrì kan ṣoṣo tó pamọ́ sábẹ́ tábìlì á gbé gbogbo wọn fún bíi wákàtí mẹ́wàá, nígbà tí fídíò kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Philadelphia, John Keely gba owó lọ́wọ́ àwọn olókòwò láti àwọn ọdún 1870 lórí ẹ̀rọ àràmàǹdà rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1898, wọ́n tú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n bá àgbá irin ńlá kan ní àjà ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n lè kó afẹ́fẹ́ alágbára sí, àti àwọn páìpù.

Wọ́n á tún ní àwọn olówó epo ló ń fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ẹ wo ọdún. Ní 1775, nígbà tí kò tíì sí iléeṣẹ́ epo kankan, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ti pinnu pé àwọn kò ní yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò mọ́. Láàárín 1845 sí 1850, James Joule, ọmọ apọntí ní Salford, jẹ́ kí òkúta ìwọ̀n máa já bọ̀ kó sì máa ro omi nínú ìkòkò, ó wọn ooru tó dé bá omi náà léraléra. Ìwọ̀n iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n ooru kan náà, nígbà gbogbo: kò sí èyí tó pọ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Sólà ńkọ́? Ìsédò Kainji tí wọ́n parí ní 1968 ńkọ́? Wọn kò mu bẹ́ńtírò, lóòótọ́, àmọ́ nǹkan wà lóde tó ń fún wọn. Oòrùn ń kọlu páànẹ́ẹ̀lì. Odò Ọya ń rọ́ lu ẹ̀rọ, omi náà sì rèé, oòrùn ló gbé e lọ sókè kó tó di òjò. Bí oòrùn bá wọ̀, páànẹ́ẹ̀lì sinmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní òde kankan. Ó ń jẹ ara rẹ̀ ni.

Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú bẹ́líìtì." Ó tú u. Mo ní kó fi ọwọ́ yí mótò fáànù yẹn, láìso ó mọ́ nǹkan kan. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wá fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, mo ní kó tún yí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó yí i. Ó so ó, ó yí i. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́fà láìsọ̀rọ̀.

"Ó wúwo," ó ní. Ó bá mi wojú. "Sólà wáàtì 200, èló ni wọ́n ń tà á báyìí?"