"Ẹ̀gbọ́n, a ti ṣe update ẹ̀"

Gbólóhùn yìí ti sú mi. Láàárọ̀ yìí wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo sáfà kan tó ń falẹ̀, mo ní OpenSSL ibẹ̀ ńkọ́, ìyẹn ètò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde lórí sáfà, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ ní "ẹ̀gbọ́n, a ti ṣe update ẹ̀ látoṣù tó kọjá". Lóòótọ́ mo wo nọ́ńbà ẹ̀, tuntun ni. Mo tẹ uptime, tó ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti wà ní títàn láìpa: ọjọ́ 412! Ìyẹn nìkan ò tó ẹ̀rí ṣá, mo bá tẹ lsof, tó ń fi fáìlì tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò hàn, ni mo bá rí libssl (fáìlì OpenSSL) àtijọ́ tí wọ́n kọ "DEL" sí lára, fáìlì tó ti pa rẹ́ lórí dísìkì láti oṣù kan, nginx, ètò tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù jáde, ṣì ń lò ó nínú mẹ́mọ́rì, torí wọn ò tíì pa á kí wọ́n tún un tan. Wọ́n ra àgádágodo tuntun, wọ́n gbé e sórí tábìlì, eléyìí tó ti bàjẹ́ ló ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ṣé a ti gbàgbé Heartbleed, ihò inú OpenSSL yẹn, ni? Oṣù kẹrin 2014. Olè á béèrè, sáfà á fún un ní nǹkan bíi 64KB látinú mẹ́mọ́rì, á tún béèrè, títí tí páásíwọọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ sẹ́tífíkéètì fi máa bọ́ sí i lọ́wọ́. OpenSSL 1.0.1g tó dí i dé lọ́jọ́ tí ariwo ẹ̀ ta, àmọ́ tó o bá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ò pa Apache ẹ (ètò wẹ́ẹ̀bù bíi nginx) kó o tún un tan, ìwọ àti ẹni tó sùn, ọgbọọgba ni yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká dúró wò ó ná" kẹ́ ẹ tó ṣe update, mo gbọ́ yín o. Mo mọ̀ pé Apache 2.4.50 tí wọ́n fi dí ihò inú 2.4.49 lọ́dún 2021 ò dí i tán, ọjọ́ mẹ́ta péré ni 2.4.51 tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀kùn wá wà gbayawu torí ẹ̀?

Mo ní kí ọmọkùnrin yẹn jẹ́ n restart nginx yẹn. Ó ń fà sẹ́yìn, mo ní kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Mo pa á. Kò dìde mọ́. Ẹnì kan ti gbé fáìlì kọ́kọ́rọ́ kúrò níbi tí config, fáìlì tí nginx ń tẹ̀ lé, pè é sí, ìgbà wo ló gbé e, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí wọn ò pa nginx yẹn rí látìgbà náà. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko la fi ń wá fáìlì, fóònù ń dún kíkankíkan, ọmọkùnrin yẹn kàn ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

A rí i, ó ti dìde, ihò ti dí. Àmọ́ nginx -t, àṣẹ tó ń yẹ config wò, ì bá ti sọ fún mi kí n tó pa á, èmi tí mò ń pariwo yìí ni mi ò tẹ̀ ẹ́. Mi ò rò pé ọmọkùnrin yẹn tún máa jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa sáfà yẹn mọ́, mi ò sì mọ ẹnu tí màá fi bá a wí.