Kò sí Triforce tí a fi pamọ́ sínú Ocarina of Time

Ọ̀rọ̀ kan tún ń lọ káàkiri láàárín àwọn olólùfẹ́ eré fídíò àtijọ́, pé ẹni tó bá lè borí ọkùnrin asáré inú The Legend of Zelda: Ocarina of Time nínú eré ìje yóò gba Triforce, ohun mímọ́ aláwọ̀ wúrà inú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́.

Bó ti wù kí ẹni tó ń ṣe eré náà yára tó, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọkùnrin náà yóò fi ṣáájú rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè ka kóòdù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà tú palẹ̀, tí wọ́n sì parí ní ọdún 2021.

Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, torí pé àwòrán kan tó jáde ṣáájú eré náà ní ọdún 1998 fi Link, akọni rẹ̀, hàn níwájú Triforce. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí eré náà wà lọ́kàn àwọn ènìyàn títí di òní hàn gbangba: fèrè tí orin rẹ̀ ń yí ọ̀sán padà sí òru, ọ̀nà tí ojú Link fi ń dúró sára ọ̀tá kan ṣoṣo nígbà ìjà, àti ìrìn ọdún 7 tó sọ ọmọdé di àgbàlagbà, tó sì jẹ́ kí ó bá ọjà tó ti rí rí ní ahoro.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín.