Ta ló ní opó kò gbọdọ̀ ní olólùfẹ́ mọ́?

Bí obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá pàdánù ọkọ rẹ̀, tí ọkùnrin kan wá ń yà kí i nírọ̀lẹ́, ẹ ti mọ ohun tí wọn yóò wí. Wọ́n á ní kò bọ̀wọ̀ fún òkú, wọ́n á ní ó ń dójú ti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á wá fi "àṣà wa ò gbà á" dè é lórí. Ti àṣà yìí ni mo fẹ́ mú, torí pé irọ́ ni, èmi náà sì ti pa á rí.

Opó ṣíṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Láyé àtijọ́, oṣù 3 ni ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá. Bó bá ti pé, opó á bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá kan ṣíṣú, ìyẹn kí ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ fi í ṣaya. Ẹbí ọkọ á fẹ́ kí àbúrò olóògbé ṣú u, tàbí ọmọkùnrin tí ìyàwó mìíràn bí. Èyí tó ti dàgbà tí kò sì fẹ́ ìkankan nínú wọn lè nawọ́ sí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, kó ní òun lọkọ òun, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Mi ò sọ pé ṣíṣú dára o. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n fipá ṣú, inú mi dùn pé ó ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀ kò rò ó rí pé kí opó máa dá gbé. Àwa la pa ṣíṣú tì, tí a wá sọ ìdágbé di àṣà.

Ẹ tún gbọ́ èébú wọn: "Ó ti yan àlè." Ẹni tó lọ́kọ nílé ló ń yan àlè. Èyí tí ọkọ tirẹ̀ ti wà ní sàréè, ọkọ wo ló fi àlè lé lórí?

Ẹ̀sìn pàápàá kò gbè wọ́n. Ẹ̀jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì dúró síbi tí ikú bá ti yani. 1 Kọ́ríńtì 7:39 sì ní opó lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú, níwọ̀n bó bá ti jẹ́ nínú Olúwa. Al-Kùránì fún opó ní oṣù 4 àti ọjọ́ 10, àfi bó bá lóyún, tí yóò dúró di ọjọ́ ìbímọ. Nana Khadijah fúnra wọn, opó ni wọ́n kí Ànábì tó fẹ́ wọn, àwọn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ ránṣẹ́.

Opó ni Màámi náà. Wọ́n pàdé Bàbá tó jẹ́ olólùfẹ́ wọn níbi tí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti ń tò fún àyẹ̀wò, nínú oòrùn. Bàbá gbé àpótí wá láti ilé, ó ní kí Màámi jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè wọ́n ní aago méje alẹ́.

Ṣáájú ìgbà yẹn, Màámi ti pa ọbẹ̀ sísè tì. Wọ́n ní ìkòkò tó kéré jù nílé ṣì tóbi jù fún ẹnì kan, pé bí àwọn bá se ẹ̀fọ́, ọjọ́ mẹ́rin làwọn fi ń gbé e kaná. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń jẹ lálaalẹ́. Èmi ń pè wọ́n láti Èkó ní Sọ́ńdè, ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì rò pé mo ti gbìyànjú. Nígbà tí mo gbọ́ nípa Bàbá, kíá ni mo wakọ̀ dé Ìbàdàn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi, kí làwọn èèyàn á máa wí?"

Wọn ò gbójú sókè. "Àwọn èèyàn tó ò ń wí yẹn, ta ló ń pè mí nínú wọn?"

Mo wo ẹ̀wà inú àtẹ. Kì í ṣe mọ́ínmọ́ín ẹnì kan.

Bó bá jẹ́ Bàámi ló ṣẹ́ kù, kí ogójì ọjọ́ tó pé ni ẹbí á ti máa bèèrè ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ irú ẹbí wa.

Ká má tanra wa, ọ̀rọ̀ ogún ilé ló ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́rù, kì í ṣe àṣà. Ìyẹn ní ìdí díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ṣíṣe kò lè gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kóòtù lágbára: ó máa ń sọ wíìlì téèyàn ti kọ tẹ́lẹ̀ di òfo, àyàfi bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó yẹn gan-an ni wọ́n rò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dé kóòtù, kó yáa wá lọ́yà tí yóò bá a kọ tuntun. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò tilẹ̀ débẹ̀. Kálukú ń gbé ilé rẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn wò. Ti àwọn tó ń fi fọ́tò olówó ṣọdẹ opó lórí Facebook yàtọ̀: ẹni tẹ́ ò fojú rí rí, tó ti ń tọrọ owó, ẹ sá fún un.

Mo pe Màámi lánàá, aago méje kọjá díẹ̀. Fóònù ò wọlé, wọ́n ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Mo tún pè ní mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.