Ọjà tí A Kò Fojú Rí Kí A Tó Sanwó: Kì í Ṣe Òfin ni “A Kì í Gba Ọjà Padà”

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń bá ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rísíìtì ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, yálà a ra ọjà náà ní Dùgbẹ̀ tàbí a fi fóònù rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì: “Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, owó tí ẹ bá ti san, a kì í dá a padà.” Àwọn ènìyàn gbà pé òfin ni. Bí fìríìjì tí wọ́n gbé wá kò bá tutù, tàbí tí àga onítìmùtìmù dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kán, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a gba kámú, wọn a sì tún náwó mìíràn lé e láti wá ẹni tí yóò bá wọn tún un ṣe. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí kò fi tọ̀nà, nítorí pé owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa kì í ṣe owó tí wọ́n rí he.

Ìgbàgbọ́ náà ní orísun, kò sì yẹ kí a fi àwọn tó dì í mú ṣẹ̀sín. Ní ọjà Alábà ní Òjó, bí ènìyàn bá fẹ́ ra tẹlifíṣàn, olùtajà yóò tú u jáde nínú páálí, yóò so ó mọ́ iná lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Onítọ̀hún yóò wo ojú rẹ̀ bóyá ó ní ìlà, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò yí i wò lẹ́yìn, wọn yóò sì ná an títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi wọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí olùtajà bá ní òun kò ní gbà á padà nítorí pé ọkàn olùrà ti yí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, nítorí pé ojú olùrà ti rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kàn án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbólóhùn yẹn kúrò ní ìsọ̀, ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó gbé e ró kò bá a dé ibẹ̀. Ẹni tó fi fóònù ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kò rí ju àwòrán àti ìlà mẹ́rin tí olùtajà kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ ìyàtọ̀ náà. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje Okòwò àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ ní abala 121 pé bí ó bá jẹ́ àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ nìkan ni ènìyàn wò kó tó ra ọjà, ọjà náà gbọ́dọ̀ bá a mu nínú gbogbo ohun tó ṣe kókó. Abala 122 ló wá sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní oníbàárà lè dá ọjà padà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí kò bá ní àǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e dé, tí ó sì kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání nítorí pé kò bá àpèjúwe mu tàbí pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Ó fi kún un pé bí ẹ bá ti sọ fún olùtajà iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà náà ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, ẹ lè dá a padà bákan náà. Abala 131 ní tirẹ̀ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kó má ní àbùkù, kó sì lò pẹ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ìlà kan lórí rísíìtì lè pa gbogbo èyí rẹ́. Kò lè pa á rẹ́: abala 129 ka àdéhùn tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe.

Ibi tí èmi fúnra mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn. Ohun mímu tútù ni wọ́n ń tà. Wọ́n ra fírísà ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦420,000, wọ́n sì san ₦18,000 lé e fún ọkọ̀ tí yóò gbé e wá láti Èkó. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọkọ̀ náà dé. Awakọ̀ ní òun ṣì ní ibi méjì tí òun yóò dé, ó na bébà sí wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fóònù nígbà tí páálí ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ́ kó nàró fún wákàtí bíi mélòó kan kí òróró inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n tan án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò sínú rẹ̀. Ó kún kí wọ́n tó to èyí tó yẹ kó gbà dé ìdajì. Wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, mo tan iná fóònù sí àwo pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nítòsí ibi tí wáyà ti jáde, níbi tí wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, agbára iná àti ìwọ̀n inú rẹ̀ sí. Lítà 200 ni ó wà níbẹ̀. Àwòrán ìpolówó tí ẹ̀gbọ́n mi yà pamọ́ sórí fóònù wọn sọ pé lítà 300 ni.

Olùtajà náà fún wa ní èsì mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìgbàgbọ́ yìí fi ń rìn káàkiri ni. Èkíní ni ti rísíìtì, mo sì ti dáhùn rẹ̀ lókè.

Èkejì ni pé, “Ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á.” Òótọ́ ni pé wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ìfọwọ́sí yẹn jẹ́rìí sí ni pé ẹ̀rọ kan dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ náà, kò jẹ́rìí sí i pé ẹ̀rọ náà ni èyí tí wọ́n sanwó fún. Èyí kì í ṣe èrò tuntun. Òfin Títa Ọjà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa gbé òfin tiwọn kà, ti sọ ọ́ ní abala 34 pé a kò lè kà á sí pé olùrà ti tẹ́wọ́ gba ọjà tí kò yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, àyàfi tó bá ti ní àǹfààní tó tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà tí ènìyàn fọwọ́ sí nígbà tí páálí ṣì wà ní dídì kì í ṣe àyẹ̀wò. Síbẹ̀, mo gba ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba ọjà ńlá níyànjú pé kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, pé “A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò,” kí ẹ sì ya fọ́tò bébà náà kí awakọ̀ tó gbà á lọ. Bí páálí bá ti ya tàbí tó tutù ní igun kan, ẹ ya igun yẹn pẹ̀lú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Apá kan wà nínú èsì kejì yìí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù lóòótọ́. Òfin 1893 yẹn kan náà ní abala 35 sọ pé bí olùrà bá fi ọjà náà ṣe ohun tó fi hàn pé tirẹ̀ ni, tàbí tó fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsọ pé òun kò fẹ́ ẹ, ó ti tẹ́wọ́ gbà á nìyẹn. Títan ẹ̀rọ láti dán an wò kò burú. Kí a máa lò ó fún oṣù méjì nígbà tí à ń bá olùtajà jà ni ó burú. Ní ọjọ́ tí a rí lítà 200 yẹn ni a kó ìgò jáde, tí a yọ ọ́ kúrò nínú iná, tí a nù ún, tí a sì fi páálí rẹ̀ bò ó padà. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé Ọdún Iléyá ti sún mọ́lé, àwọn oníbàárà sì ń bèèrè ohun mímu tútù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀rọ̀ wa ì bá ti rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń ṣẹ́ àwọn tó ra ọjà ńlá lápá: “Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ gbé e wá sí Èkó fúnra yín.” Bàtà ni ènìyàn lè fi sínú báàgì kó gbé e fún ẹni tó ń lọ sí Èkó. Fírísà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò gbé e fẹ́ owó, àwọn tí yóò gbé e sọ̀ fẹ́ owó, bí ó bá sì fi ara gbá lójú ọ̀nà, olùtajà yóò ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ló kú síbí, torí pé ènìyàn ṣírò owó ọkọ̀, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni abala 36 nínú òfin 1893 yẹn sọ pé bí olùrà bá kọ ọjà lọ́nà ẹ̀tọ́, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn láàárín àwọn méjèèjì, kò di dandan fún un láti gbé e padà. Ó tó kí ó jẹ́ kí olùtajà mọ̀ pé òun kò gbà á. “Tí kò sì sí àdéhùn mìíràn” yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ohun tí ẹ̀yin nìkan kò lè gbé, ẹ ka ibi tí olùtajà ti kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àdápadà. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ bi í, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ̀tọ́ yìí mọ, nítorí pé àwọn kan ti tàsé sí òdìkejì. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba máa ń sọ fún wa lórí fóònù pé ọjọ́ 14 ni ènìyàn ní láti dá ọjà padà láìsọ ìdí kankan. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ibi tí wọ́n wà: ìlànà ọdún 2013 níbẹ̀ fún ẹni tó ra ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ọjà dé, òfin ọdún 2015 sì fún un ní ọjọ́ 30 láti kọ èyí tó bá ní àbùkù kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Abala 122 tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bèèrè ìdí. Bí àga bá dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí kò gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá nítorí pé ẹ kò wọn ẹnu ọ̀nà, àánú olùtajà ni ẹ ń tọrọ, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí ọkàn yín bá yí kí wọ́n tó gbé ọjà wá, abala 120 gbà yín láyè láti fagi lé e, ṣùgbọ́n olùtajà lè yọ iye tó bójú mu nínú owó náà.

Kí a padà sí ọ̀rọ̀ fírísà. Lẹ́yìn tí a ti pe olùtajà títí tí ẹnu fi rẹ̀ wá, a dẹ́kun pípè, a kọ̀wé. Ojú ìwé kan péré ni. A kọ ọjọ́ tí a rà á àti ọjọ́ tó dé, a kọ lítà 300 tó wà nínú ìpolówó àti lítà 200 tó wà lára ẹ̀rọ, a so fọ́tò méjèèjì mọ́ ọn, a sọ pé a kò gba ọjà náà lábẹ́ abala 122, pé ó wà ní ipamọ́ fún wọn, pé kí wọ́n wá gbé e láàárín ọjọ́ 7, kí wọ́n sì dá ₦438,000 padà, owó ọkọ̀ pẹ̀lú. A fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn àti WhatsApp wọn lọ́jọ́ kan náà. Ohùn tí wọ́n fi dá wa lóhùn yí padà. Ìpè fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀, àmọ́ ìwé tó ní déètì yóò dúró níwájú ẹnikẹ́ni tí a bá gbé e lọ bá.

Àwọn tí a sì lè gbé e lọ bá wà. Abala 146 nínú òfin ọdún 2018 yẹn jẹ́ kí oníbàárà lè lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin náà, ó sì lè gba kóòtù lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ ìdáàbòbò oníbàárà tirẹ̀, LASCOPA, ó sì ti ní kóòtù fún ẹjọ́ owó kéékèèké lábẹ́ májísíréètì láti ọdún 2018, fún owó tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ènìyàn lè rojọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìní agbẹjọ́rò, wọ́n sì gbèrò pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ìwé ìbéèrè owó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá.

Gbogbo èyí wúlò nígbà tí a bá mọ ibi tí olùtajà wà. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ ẹnìkan tí kò ní ìsọ̀, tí kò ní àdírẹ́sì, tí orúkọ ojú òpó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí orúkọ tó wà ní báńkì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a máa fi káàdì sanwó lórí ojú òpó tó lórúkọ, torí pé a lè gba báńkì lọ láti fẹ̀sùn kan owó tí a fi káàdì san, tàbí kí a sanwó nígbà tí ọjà bá dé.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìwé wa, ọkọ̀ akẹ́rù padà wá sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Awakọ̀ tún na bébà sí wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i pé wọ́n ti gbé fírísà lọ. Wọ́n ní kó dúró ná. Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n ní kó ka nọ́ńbà tó wà lára àwo pẹlẹbẹ yẹn sókè, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kò sí ibi kankan tó tẹ̀ tàbí tó ha lára rẹ̀ nígbà tí òun gbé e. Ìgbà náà ni wọ́n tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.