Kí Wọ́n Tó Da Dẹ́kìǹ, Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Jókòó

Bí ilé bá wó, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Garki Village, Abuja, lóṣù kẹjọ ọdún 2023, àti ní ilé ẹ̀kọ́ Saints Academy ní Jos lóṣù keje ọdún 2024, níbi tí ènìyàn 22 ti kú, ọ̀rọ̀ ayédèrú sìmẹ́ńtì àti irin tín-ín-rín ló máa ń gba ẹnu kan. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó béèrè ohun tí wọ́n sọ fún birikílà, káfíńtà àtàwọn bẹ́ńdà tó ń tẹ irin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lójú tiwa, ó yẹ kí Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Abuja, sọ ọ́ di dandan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ìpìlẹ̀ tàbí dẹ́kìǹ, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láìṣe ìpàdé tí ẹnjiníà, kọngílá àti olórí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ bọwọ́ lùwé rẹ̀. Ìpàdé ọ́fíìsì Wuse, tí onílé àti ayàwòrán-ilé ti ń mu tíì, kọ́ là ń wí o. Ibi iṣẹ́ gan-an ni, kí wọ́n tẹ́ pílánù sórí pákó.

Ẹ jẹ́ ká mú dẹ́kìǹ kan tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì nípọn ní mìlímítà 150. Kọnkéré mítà kúbíìkì 18 nìyẹn. Bí wọ́n bá po ó ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin (sìmẹ́ńtì ọ̀kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), yóò jẹ nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 115. Mísà kékeré, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, tó ń gba àpò kan lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí mẹ́wàá láìsinmi. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyókù á di ọjọ́ kejì, wọ́n á dà á ti èyí tó ti gan. Ojú ibẹ̀ ni dẹ́kìǹ á ti là, ibẹ̀ náà ni òjò á máa gbà jò. Ìpàdé ló yẹ kó ti yanjú èyí: mísà méjì, tàbí kí ẹnjiníà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí wọ́n lè dúró láàárín bíìmù méjì.

Omi ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́rúwà ń gbé kiri gba lítà 25. Ìyẹn tó fún àpò kan, ó sì yẹ kó dín bí iyanrìn bá tutù. Ṣùgbọ́n lébìrà fẹ́ kí kọnkéré máa ṣàn, á tún da ìlàjì sí i, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ṣọ́bìrì náà kì í ṣe òṣùwọ̀n iyanrìn àti òkúta. Àpótí lítà 35 ṣe déédéé àpò sìmẹ́ńtì kan.

Báńkónì ló ń bà wá lẹ́rù jù. Òkè ni irin tó gbé e ró gbọ́dọ̀ wà. Bẹ́ńdà á dì í dáadáa láàárọ̀, àwọn tó ru kọnkéré á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán, kọnkéré á sì bo àṣírí. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣọ́ irin yẹn, kí wọ́n sì tẹ́ pákó tí wọn yóò máa rìn lórí rẹ̀. Bísíkìtì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ kékeré tó ń gbé irin ìsàlẹ̀ kúrò lórí pákó, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkúta ni wọ́n á ṣà sábẹ́ irin.

Káfíńtà tó níṣẹ́ míì ní Lugbe á fẹ́ tú ọ̀pó tó fi gbé dẹ́kìǹ ró lọ́jọ́ keje. Ọjọ́ 14 sí 21 ló dáa kó wà níbẹ̀, kó má sì kúrò láìsí ìwé ẹnjiníà. Kí wọ́n sọ ẹni tí yóò sanwó ọjọ́ tó lé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn asán ni.

Hausa, Gbagyi, Yorùbá àtàwọn ará Kútọnù ló ń pàdé níbi iṣẹ́ kan ní Abuja. Ẹni tó yára dáhùn pé “yẹ́sà” lè máà gbọ́ nǹkan kan. Kí olórí kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ tún iṣẹ́ tirẹ̀ sọ.

Àwọn onílé á ní owó iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ń ṣòfò. Kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti fi òòlù fọ́ dẹ́kìǹ kan. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìwé yìí á tún di ọ̀nà rìbá jàre, ìdí nìyẹn tí ìwé nìkan kò fi gbọdọ̀ tó. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba dé láìròtẹ́lẹ̀, kó bi lébìrà èyíkéyìí: omi mélòó sí àpò kan? Níbo lẹ ó dúró bí mísà bá bàjẹ́? Ọjọ́ wo lẹ ó tú ọ̀pó? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà.