Ẹ jẹ́ kí ọmọ yí ère ká ná

Èrò ọkàn mi nìyí: bí ẹ bá kó ẹbí lọ sí ọgbà ère, ẹ má ṣe sáré ka ohun tí wọ́n kọ sídìí ère fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó fúnra wọn. Kí wọ́n lọ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

Òbí púpọ̀ ni mo ti rí tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ba irú ìjáde yìí jẹ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á ya fọ́tò, ó di èyí tó kàn. Kí wọ́n tó rìn dé ìdajì, ọmọ ti ń sunkún pé ẹsẹ̀ ń ro òun.

Ère ìta gbangba yàtọ̀ sí àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Bí oòrùn ṣe ń yí ni òjìji rẹ̀ ń yí. Bí ẹ ṣe rí i láàárọ̀ kọ́ lẹ máa bá a nírọ̀lẹ́. Henry Moore, gbajúmọ̀ agbẹ́rè tó jẹ́ ọmọ awakùsà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé ìta gbangba gan-an ló yẹ ère. Ère idẹ ńlá rẹ̀ kan wà nínú pápá ní Perry Green, níbi tó gbé, tí àwọn àgùntàn ń fara nù, tí wọ́n sì ń sá sábẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ló la ojú mi sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ère. Obìnrin kan tó dúró là ń wò. Èmi wà níwájú, òun ti yí lọ sẹ́yìn, ló bá pariwo: “Mọ́mì, ẹ wá wo ọwọ́ ẹ̀!” Lóòótọ́, ojú obìnrin náà tutù pẹ̀sẹ̀, àmọ́ ìka ọwọ́ tó fi pamọ́ sẹ́yìn há mọ́ra wọn gádígádí. Inú ń bí i! A pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ẹ má sì ní ẹ fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ tán. Ọgbà ère Storm King ní New York tó nǹkan bí éékà 500. Ẹsẹ̀ ọmọdé wo ló fẹ́ rìn ín tán? Ọgbà ère Vigeland ní Oslo, ní Norway, ní ère tó lé ní 200. Òpó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òkúta kan ṣoṣo, ara èèyàn 121 ni wọ́n gbẹ́ sí i, èèyàn mẹ́ta ló sì fi ọdún 14 gbẹ́ ẹ, láti 1929 sí 1943. Ẹ ní kí ọmọ wá àwọn ọmọdé tó wà lára òpó yẹn jáde. Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́.

Ti ìfọwọ́kàn ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti le díẹ̀. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ máa ń jẹ àwọ̀ ara idẹ. Nínú ọgbà Vigeland yẹn kan náà, ère ọmọkùnrin kékeré kan wà tó ń bínú: gbogbo ara rẹ̀ dúdú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ń dán yinrin, nítorí àwọn èèyàn ò yéé dì í mú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ; ariwo “má ṣe!” nìkan ò tó.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ èèyàn. Èyí tí Jean Dubuffet, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, ṣe sí ọgbà ère Kröller-Müller ní Netherlands, ńṣe lèèyàn ń gun orí rẹ̀ tó ń rìn káàkiri. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀, irú rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ rìn ín tẹ́rùn kí ẹ tó kó wọn lọ sídìí àwọn idẹ.