Ohun ẹni kì í di méjì kínú ó bí ni

Àwọn àgbà ló sọ pé ohun ẹni kì í di méjì kínú ó bí ni, òwe yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ti rí àwọn tó ń jà pé "èmi ni mo kọ́kọ́ ronú ẹ̀". Tí wọ́n bá jí ewúrẹ́ ẹ, okùn nìkan ló kù sí ẹ lọ́wọ́. Àmọ́ tẹ́nì kan bá gbọ́ orin ẹ tó sì kọ ọ́, orin ṣì wà lẹ́nu ẹ, ó kàn ti di méjì ni. Kí wá ni wọ́n jí?

Ebi ò mọ òwe sha. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé, tí ẹlòmíì wá tẹ̀ ẹ́ tó ń tà á, inú ẹ̀ ò lè dùn, èmi náà á bínú. Torí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé òfin kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1710, ẹ sì wò ó dáadáa o, ọdún 14 ni wọ́n fi sọ pé ẹni tó ni ìwé tuntun nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́, tí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láyé wọ́n á fi 14 míì sí i, ó parí, ó di ti gbogbo ayé. Ta ló ń sọ fún onílé pé ilé ẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá pé ọdún 28? Àyálò lèyí jàre. Èrò inú gan-an, irú òfin yìí ò tiẹ̀ ṣọ́ ọ, bó o ṣe gbé e kalẹ̀ ló ń ṣọ́.

Àbí ta ló ni èrò? Ọjọ́ kan náà, February 14, 1876, ni wọ́n gbé ìwé tí Alexander Graham Bell àti Elisha Gray fi ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí tẹlifóònù dé ọ́fíìsì kan náà l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ohun tuntun sílẹ̀. Bell layé mọ̀.

Ibi tí òwe yẹn ò ti ràn mí lọ́wọ́ ni orúkọ. Tó o bá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ mi, ó di méjì, àmọ́ tó o bá yọ orúkọ mi kúrò tó o fi tìẹ sí i, èmi ni mi ò ní nǹkan kan mọ́. Àwọn tó ṣe àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, náà rí i bẹ́ẹ̀, ọdún 1928 ni wọ́n fi kún un pé kódà téèyàn bá ti ta ẹ̀tọ́ owó orí iṣẹ́ ẹ̀ tán pátápátá, ó ṣì lè ní kí wọ́n pe iṣẹ́ náà mọ́ òun.